Nọ́ńbà Méjì Ara Pùròpẹ́là: Bí A Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Bàálù Wa Mu

Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bàálù kékeré tí a ń fi rẹ́díò darí bá bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka wa, ìbéèrè kan ni mo máa ń gbọ́ jù: "Pùròpẹ́là wo ni ká rà?" Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún ara wọn ni pé kí wọ́n ra èyí tó tóbi jù tí kò ṣáà ti ní kanlẹ̀, tàbí kí wọ́n ra irú èyí tí ẹnì kan lò nínú fídíò. Èmi kò fara mọ́ ìdáhùn méjèèjì. Lóòótọ́, pùròpẹ́là wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ohun tí a ń rà sára bàálù, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bóyá mọ́tò á jóná, bóyá bàálù á lè dojú kọ atẹ́gùn kó sì padà wá sọ́dọ̀ ẹni tó fò ó, àti bóyá ìka ọwọ́ ẹni tó dúró tì í á ṣì pé márùn-ún. Owó tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń dá jọ fún iṣẹ́ yìí kò pọ̀ tó ohun tí a lè fi sun mọ́tò méjì.

Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lásán, kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká mú bàálù kan ṣoṣo, ká sì ṣírò rẹ̀ títí ìdáhùn á fi jáde. Bàálù náà ni irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń kàn: fóòmù ni ara rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ gùn ní mítà 1.2, ó fẹ̀ ní mítà 0.22, ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì nínú jẹ́ kílò 1.1. Mọ́tò 2212 tó jẹ́ 1000 KV ló wà níwájú rẹ̀, ESC rẹ̀ jẹ́ ampere 30, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ LiPo oníyàrá mẹ́ta, èyí tí a ń pè ní 3S. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ kàn máa fi nọ́ńbà tirẹ̀ rọ́pò tèmi ni. Ọ̀nà ìṣirò kò yí padà.

Ohun tí nọ́ńbà méjì náà ń sọ

Ẹ wo ara pùròpẹ́là èyíkéyìí, ẹ ó rí nǹkan bíi 10×4.5. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìbú rẹ̀, ìyẹn gígùn láti ṣóńṣó abẹ kan dé ṣóńṣó abẹ kejì: ínṣì 10, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25.4. Èyí kò le. Nọ́ńbà kejì, tí wọ́n ń pè ní pitch, ló máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ẹ fojú inú wo súkúrúù tí káfíńtà ń yí wọnú pákó. Bí ó bá yí i po lẹ́ẹ̀kan, súkúrúù náà á wọlé níwọ̀n kan tí kì í yẹ̀. Ká ní afẹ́fẹ́ le bíi pákó ni, pùròpẹ́là 10×4.5 ì bá máa rìn síwájú ní ínṣì 4.5 nígbàkigbà tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Afẹ́fẹ́ kò le bíi pákó, ó ń yọ̀, nítorí náà kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ nọ́ńbà yẹn wúlò gan-an, nítorí ó jẹ́ ká mọ bí bàálù ṣe lè sáré tó kí pùròpẹ́là tó di ohun tí kò ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà rí á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Pitch kékeré dà bíi jíà kìíní: ó ń fà dáadáa láti ibi téèyàn dúró sí, ó ń gun òkè, ṣùgbọ́n bí eré bá ti ń pọ̀, ó ń ké lásán ni. Pitch ńlá dà bíi jíà tó ga: eré rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ má fi gbéra lórí òkè.

Àfiwé súkúrúù yìí kò tún dé òpin ọ̀rọ̀ náà. Kí 1903 tí wọ́n kọ́kọ́ fò tó pé ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright ti rí i pé pùròpẹ́là kì í ṣe súkúrúù, pé ìyẹ́ bàálù tó ń yí po ni. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ tiwọn, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8.5, méjì ni wọ́n sì lò, tí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ń fi ṣéènì yí, ọ̀kan lọ́nà ọ̀tún, èkejì lọ́nà òsì. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ó rán wa létí pé gbogbo ohun tí a kọ́ nípa ìyẹ́ bàálù ló kan abẹ pùròpẹ́là náà: kò gbọdọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ ní igun tó ga jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á já kúrò lẹ́yìn rẹ̀, agbára á sì ṣòfò.

Kí ló dé tí èyí tó tóbi fi dára, kí ló sì dé tó fi léwu?

Àwọn tó ń sọ pé kí a ra èyí tó tóbi jù ní òtítọ́ kan lọ́wọ́. Ẹ wo fáànù àjà inú yàrá àti fáànù kékeré orí tábìlì. Ti àjà ń yí jẹ́jẹ́, kò pariwo, síbẹ̀ ó ń fẹ́ gbogbo yàrá. Ti tábìlì ń sáré, ó ń ké, ibi kékeré ló sì ń fẹ́. Láti tì bàálù síwájú, a lè mú afẹ́fẹ́ púpọ̀ ká tì í jẹ́jẹ́, a sì lè mú díẹ̀ ká tì í gírígírí. Ipá lè dọ́gba, ṣùgbọ́n agbára tí a ná kò ní dọ́gba. Ìṣirò tí a kọ́ nípa ìwọ̀n ìgbérìn afẹ́fẹ́ sọ pé nígbà tí bàálù bá dúró sójú kan, agbára tó kéré jù tí a lè fi rí ipá T jẹ́ T lọ́nà 1.5 tí a pín pẹ̀lú gbòǹgbò 2ρA, níbi tí ρ ti jẹ́ kíki afẹ́fẹ́, tí A sì jẹ́ àyè tí abẹ ń gbá. Fún ipá newton 8, pẹ̀lú kíki afẹ́fẹ́ 1.2, ìbú ínṣì 10 ń fẹ́ nǹkan bíi watt 65. Ìbú ínṣì 8 ń fẹ́ watt 81. Ìyàtọ̀ ìdá mẹ́rin nìyẹn láti ínṣì méjì péré, ó sì ń hàn nínú iye ìṣẹ́jú tí bátìrì á fi gbé wa lófurufú.

Ewu rẹ̀ wá wà níbí. Agbára tí pùròpẹ́là ń bèèrè lọ́wọ́ mọ́tò ń bá ìbú lọ́nà mẹ́rin lọ, ó ń bá pitch lọ bó ṣe rí, ó sì ń bá iye ìyípo lọ́nà mẹ́ta lọ. Nítorí náà, mo máa ń ṣírò ohun kan tí mo ń pè ní ẹrù: ẹ sọ ìbú di ìlọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́rin, kí ẹ sì fi pitch sọ ọ́ di púpọ̀. Ti 10×4.5 jẹ́ 45,000. Ti 9×6 jẹ́ 39,366. Ti 8×6 jẹ́ 24,576. Ti 11×4.7 jẹ́ 68,813. Ẹ wò ó dáadáa: láti 10×4.5 sí 11×4.7, ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyípo wọn bá dọ́gba, ẹrù ti fi ìdá 53 nínú 100 pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni 9×6, tí ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rù nítorí 6 tó wà lẹ́yìn rẹ̀, fúyẹ́ ju 10×4.5 lọ.

Ibí ni mọ́tò oníná ti yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń mu epo. Bí ẹ bá di ẹrù tó wúwo jù lé ẹ́ńjìnnì epo, á rọlẹ̀, á máa kérora, ó tilẹ̀ lè kú. Ẹ ó ti mọ̀ kí nǹkan tó bàjẹ́. Mọ́tò oníná kì í kérora. KV tí a kọ sára rẹ̀ ni iye ìyípo tó ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan fún volt kọ̀ọ̀kan nígbà tí kò gbé ohunkóhun. Mọ́tò 1000 KV lórí volt 11.1 fẹ́ yí ní 11,100. Bí ẹrù bá fà á sẹ́yìn, volt tí òun fúnra rẹ̀ ń dá padà á dín kù, kọ́rẹ́ńtì púpọ̀ sí i á sì wọlé láti bátìrì kó lè máa bá eré náà lọ. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń gba kọ́rẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni wáyà inú rẹ̀ ń gbóná, títí ohun tí a fi bo wáyà náà á fi yọ́. Kò ní sọ fún yín. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀ ni òórùn.

Mo tún gbọ́ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn ọmọ kíláàsì tó yẹ ká dá dúró: "ESC wa jẹ́ ampere 30, kò sí wàhálà." Ampere 30 yẹn ni ohun tí ESC lè fara dà. Kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí mọ́tò lè fara dà. Mọ́tò 2212 kékeré máa ń kú kí ESC ampere 30 tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ìwé tó bá mọ́tò wá ni ká kà, níbi tí wọ́n ti kọ kọ́rẹ́ńtì tó ga jù àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó lè fi gbé e.

Ṣé bàálù náà á tilẹ̀ lè sáré tó?

Èyí ni apá tí àwọn ènìyàn máa ń fò kọjá, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Eré pitch ni iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, tí a fi pitch sọ di púpọ̀. Tí a bá fẹ́ kó jẹ́ kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ fi 0.001524 sọ èsì náà di púpọ̀. Bí bàálù bá ti ń sún mọ́ eré yìí, ipá tí pùròpẹ́là fi ń tì í á máa dín kù, títí kò fi ní ku nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, bàálù kan kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré ju eré pitch rẹ̀ lọ bí kò bá dorí kodò.

Ẹ̀gbẹ́ kejì òṣùwọ̀n ni eré tí ìyẹ́ ń fẹ́ kó tó lè gbé bàálù dúró. Bàálù wa wọn newton 10.8, àyè ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ 0.264. Ní ọ̀sán gbígbóná tiwa yìí, kíki afẹ́fẹ́ súnmọ́ 1.15, mo sì fún ìyẹ́ náà ní CL tó ga jù ti 1.1. Ìṣirò yìí mú mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jáde, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 29 ní wákàtí kan. Bí eré bá kéré sí èyí, bàálù á já bọ́. Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí eré pitch tó ìlọ́po méjì eré yìí ó kéré tán, tó bá sì lè tó ìlọ́po méjì àbọ̀, ó dára jù. Fún tiwa, a ń wá eré pitch láàárín 58 sí 72.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán wọn wò. Pẹ̀lú 10×4.5, mo fi ìyípo 7,500 ṣírò, nítorí ẹrù àti bátìrì tó ń rọlẹ̀ á fa mọ́tò wálẹ̀ láti 11,100. Eré pitch rẹ̀ jẹ́ 51. Kò tó 58. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bàálù á gbéra kíákíá, á gòkè dáadáa, ẹni tó ń wo ó á pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn kìlómítà 30 bá dojú kọ ọ́, kò ní lè fi ju 20 lọ padà sílé. Bí atẹ́gùn náà bá le sí i, bàálù á dúró sójú kan lókè, á máa jẹ bátìrì, lẹ́yìn náà á máa fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ojú títì tàbí orí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni. Ìtì tó pọ̀ kò lè gbani sílẹ̀ níbẹ̀.

Pẹ̀lú 9×6, ẹrù fúyẹ́ díẹ̀, mo fi 7,800 ṣírò. Eré pitch jẹ́ 71. Ó wà láàárín ohun tí a ń wá. Kí ni a wá pàdánù? Ipá ìtì lójú kan jẹ́ CT × ρ × n² × D⁴, níbi tí n ti jẹ́ iye ìyípo ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mo bá fún 10×4.5 ní CT 0.10, ipá rẹ̀ jẹ́ newton 7.5, tó dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi gírámù 760. Fún 9×6, tí mo fún ní 0.11 nítorí pitch rẹ̀ ga, ó jẹ́ newton 5.8, nǹkan bíi gírámù 595. Ẹ pín wọn pẹ̀lú ìwọ̀n bàálù: àkọ́kọ́ jẹ́ 0.69, èkejì jẹ́ 0.54. Bàálù ìkọ́ṣẹ́ tó ń sáré lórí ilẹ̀ kó tó gbéra, tàbí tí a ń fi ọwọ́ jù, kò nílò ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Èyí tó ń fi imú gún ọ̀run bí ẹyẹ ìbákà ló nílò ju 1 lọ.

Ìdáhùn mi fún bàálù yìí nìyẹn: 9×6. Ẹni tí pápá rẹ̀ kéré, tí igi yí ká, tó fẹ́ kí bàálù gòkè kánkán, tí kì í sì í fò ní ọjọ́ atẹ́gùn, lè mú 10×4.5, èmi kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n 8×6 kò bá a mu rárá: eré pitch rẹ̀ á pọ̀, àmọ́ ipá rẹ̀ á sún mọ́ ìdajì ti 10×4.5, bàálù kílò 1.1 á sì máa sá lórí koríko láìgbéra. 11×4.7 ni mọ́tò yìí kò gbọ́dọ̀ rí lójú.

Àwọn CT tí mo lò jẹ́ ìfojúwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n gan-an, Yunifásítì Illinois ní Urbana-Champaign, ní Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ pùròpẹ́là kékeré sínú ihò afẹ́fẹ́ ìdánwò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Brandt àti Selig ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ àṣekágbá pé kó lọ wò ó, nítorí ẹ ó rí i níbẹ̀ pé CT kì í dúró sójú kan; ó ń yí bí eré bàálù ṣe ń yí.

Àwọn lẹ́tà kékeré tí a kì í kà

Lẹ́yìn nọ́ńbà méjèèjì, lẹ́tà lè wà. E túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún mọ́tò oníná. P sábà máa ń sọ pé ó wà fún mọ́tò tó ń tì láti ẹ̀yìn tàbí tó ń yí lódìkejì. SF ni ti bàálù tó ń fò jẹ́jẹ́; abẹ rẹ̀ fẹ̀, ó tinrín, ó fúyẹ́. SF yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù, nítorí ó pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì wọ́n.

Ilé iṣẹ́ APC, fún àpẹẹrẹ, sọ pé ìyípo tó ga jù fún irú SF tiwọn ni 65,000 tí a pín pẹ̀lú ìbú. Fún ínṣì 10, ìyẹn jẹ́ 6,500. Irú E tiwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbà ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Bàálù wa ń yí ní 7,500. Ẹni tó bá wá fi 10×4.7 SF sí mọ́tò 1000 KV lórí 3S ti kọjá ààlà kó tó kúrò nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tí ojú rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ààlà yẹn ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní abẹ kan wọn gírámù 5, tí àárín ìwọ̀n rẹ̀ sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 5 láti àárín. Ní ìyípo 7,500, ipá tó ń fà á láti já kúrò jẹ́ newton 154. Ó dà bíi kí a so ẹrù kílò 15 mọ́ abẹ kékeré kan tí ẹ lè fi ìka méjì ká. Bí ó bá já, kò ní wá ilẹ̀. Ọ̀gangan ibi tó ń yí sí ló ń lọ tààrà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró ní ẹ̀gbẹ́ bàálù nígbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ni kí ẹ dúró sí. Pùròpẹ́là tó bá ti sán, tàbí tí ojú rẹ̀ ti kán díẹ̀, àkìtàn ló kàn. Kí ẹnikẹ́ni má fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́.

Ìwọ̀n dọ́gba náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí abẹ kan bá fi gírámù 0.1 péré wúwo ju èkejì lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10 láti àárín, ní 7,500 ipá tó ń gbọn imú bàálù jẹ́ newton 6, ó sì ń gbọ̀n ọ́n nígbà 125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ju ìdajì ìwọ̀n gbogbo bàálù lọ. Nọ́ọ̀tì á tú, fóòmù ibi tí a de mọ́tò mọ́ á là. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán la ihò àárín rẹ̀ kọjá, kí irin náà sì bọ́ sínú ihò náà rẹ́gí. Ẹ gbé orí irin méjèèjì lé ojú abẹ ìfárí méjì. Abẹ tó bá ń rọ sílẹ̀ ló wúwo. Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù díẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èyí tó fúyẹ́. Ẹ má ha etí iwájú rẹ̀.

Ojú tí a kọ nọ́ńbà sí ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí bàálù ń lọ. Mo ti rí ẹni tó dé e lódì tó wá ń bú mọ́tò. Lódì náà ó ń fẹ́ atẹ́gùn, ṣùgbọ́n ìyẹ́ tó dojú bolẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bí èyí tó wà ní ipò rẹ̀.

Bí ohun kan bá yí padà

Bí a bá kúrò lórí 3S bọ́ sórí 4S, volt ti fi ìdá mẹ́ta pọ̀ sí i. Bí ìyípo náà bá tẹ̀lé e, agbára tí pùròpẹ́là kan náà ń bèèrè á di ìlọ́po 2.37. Láti dá ẹrù padà síbi tó wà, 10×4.5 gbọ́dọ̀ di nǹkan bíi 8×4.5. Èyí tí a bá fẹ́ kó ní abẹ mẹ́ta ńkọ́? Ẹ dín ìbú kù ní nǹkan bíi ínṣì kan, kí pitch wà bó ṣe wà. Ó dára níbi tí ẹsẹ̀ bàálù ti kúrú, ó sì rẹwà. Ju ìyẹn lọ, abẹ méjì ni mo fara mọ́.

Ibi tí a ti ń fò náà ṣe kókó. Ní ìwọ̀n ooru 35, afẹ́fẹ́ fi nǹkan bíi ìdá 6 nínú 100 fẹ́lẹ́ ju ti ìwọ̀n 15 tí àwọn oníwèé Òyìnbó fi ń ṣírò. Ní Jos, tó ga ní nǹkan bíi mítà 1,200, ó tún fi nǹkan bíi ìdá 11 fẹ́lẹ́ ju ti etí òkun ní Èkó. Ipá á dín, ẹrù orí mọ́tò náà á dín, eré tí ìyẹ́ nílò á sì pọ̀. Fò ní àárọ̀ bí o bá lè ṣe é.

Ìdánwò lórí tábìlì

Gbogbo ìṣirò òkè yìí ń sọ fún wa pùròpẹ́là tó yẹ ká rà. Kò sọ pé ká fò ó láìwọ̀n. Ohun tí a nílò ni wattmeter àti síkéèlì ilé ìdáná tó lè gbé kílò méjì. Bí ẹ bá ń ṣètò ESC lọ́wọ́, ẹ yọ pùròpẹ́là kúrò. Kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kó wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ de bàálù mọ́lẹ̀ kó le gbagidi, ẹ so wattmeter sáàárín bátìrì àti ESC, kí bátìrì sì kún. Lo bátìrì tó kún nítorí volt 12.6 ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe 11.1, ibẹ̀ sì ni kọ́rẹ́ńtì ti ń ga jù.

Kí ẹnì kan di rẹ́díò mú, kí ẹnì kejì máa ka nọ́ńbà, kí àwọn yòókù lọ sẹ́yìn. Ẹ gbé throttle sókè díẹ̀díẹ̀ títí dé òpin, ẹ kà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀. Bí ampere bá ti ju ohun tí ìwé mọ́tò sọ, ẹ yọ ọ́, ẹ fi èyí tí ẹrù rẹ̀ kéré rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan ní ìdajì throttle sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ wá fọwọ́ kan mọ́tò. Mọ́tò tí ẹ kò lè di mú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ti gbóná jù, ohunkóhun tí wattmeter ìbáà sọ.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìbú, pitch, volt, ampere, watt, gírámù tí síkéèlì kà, àti bí oòrùn ṣe mú tó lọ́jọ́ náà. Ẹ lẹ ìwé náà mọ́ inú àpótí bàálù, nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ní 300 level ló máa lo mọ́tò kan náà yẹn ní ọdún tó ń bọ̀.